Ìko Lẹ́nu Àkùkọ

Àlọ́ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, mi ò gbọ́ yín! Àlọ́ o! Ẹ ṣeun.

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Pẹ́pẹ́yẹ lórí, olórí àwọn alátìlẹyìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹran ilé. Àkùkọ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Ó bú Ẹfọ̀n rẹfirí, ni Ẹfọ̀n bá ní kò gbọdọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá mọ́ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta.

Lákọ̀ọ́kọ́, Àkùkọ gun ọgbà, ó ń pàṣẹ. Ẹfọ̀n lé e. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gun òrùlé. Ẹfọ̀n lé e. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ẹfọ̀n fi ìko so ẹnu rẹ̀.

Ewúrẹ́ bú sẹ́kún: “Ẹ̀gbọ́n, a ti gbé!”

Pẹ́pẹ́yẹ rẹ́rìn-ín. “A gbé kẹ̀? Ṣé òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ohun tó ń sọ ni?” Ló bá gbé orin. Ẹ bá mi gbè é:

Bọ́ọ̀lù bá bọ́, ẹ padà sẹ́yìn!
*Àkùkọ ló wí!*
Ọ̀nà bá là, ẹ sáré wọlé!
*Àkùkọ ló wí!*

Òbúkọ gbọ́ láàárín pápá, ó sáré wọlé, ó gbá góòlù!

Ẹfọ̀n fa káàdì pupa yọ. “Ta ló wí?”

“Àkùkọ ló wí!”

Ó yíjú sí Àkùkọ: ìko ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ digbí. Ẹfọ̀n ń gbé káàdì kiri, kò rí ẹni tí yóò lé. Ibẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀ sí.