Ìsinmi Tí Wọ́n Fẹ́ Fún Ìyá

Ẹ wo wàhálà tí Orímisàn àti àbúrò rẹ̀, Ẹbùnolúwa, fọwọ́ ara wọn fà! Wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi ńlá gbé ìyá wọn àti àwọn ọmọ wọn lọ gbafẹ́, àmọ́ wọn ò mọ èyí tí wọn ì bá mú. Ọ̀kan ní ilé sinimá, òmíràn ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́.

“Bùrọ̀dá, ká mú èyí tó tóbi jù.”

“Gbogbo wọn ló ní àwọn ló tóbi jù! Orí mi ti dàrú.”

Ni wọ́n bá kó àwòrán àwọn ọkọ̀ náà lọ bi ìyá wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìlàjẹ, níbi tí ilé rẹ̀ ti dúró lórí òpó igi nínú omi.

Ìyá wo àwòrán náà títí. “Omi tún wà nínú ọkọ̀ tó wà lórí omi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Orí omi ni wọ́n bí mi sí, orí omi ni mo ti pẹja tọ́ yín dàgbà. Ṣé orí omi náà lẹ tún fẹ́ gbé mi lọ sinmi? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.”

Orímisàn kó àwòrán náà kúrò nílẹ̀.

“Níbo lẹ wá fẹ́, Ìyá?”

“Orí òkè. Mo fẹ́ jáde lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kan láì kọ́kọ́ wá ọkọ̀ ojú omi.”