Àlejò Tí Kò Dáhùn Pé Á Gba Ibi Ire

Ọkùnrin kan wà, télọ̀ ni, ọ̀yàyà rẹ̀ sì pọ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń jókòó ti maṣín-ìn rẹ̀. Bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá dé, ìyàwó rẹ̀ á gbé iyán ńlá kalẹ̀ fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù. Á jẹ, á mu, á sì nà gbalaja síbẹ̀. Àkànmú, ìwọ tí mò ń sọ ìtàn yìí fún, má rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ rẹ ni ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí ẹnì kan lókèèrè tó jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi ọ̀dán. Kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí kì í jẹun lójú ènìyàn kó má pè é. Ó gbé ohùn sókè: “Ẹ wá bá wa jẹun o!” Ẹni náà kò dáhùn pé á gba ibi ire. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dìde, ó wọ́ àpótí rẹ̀ sún mọ́ wọn díẹ̀, ó tún jókòó. Ajá ilé sá wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́. Télọ̀ á pè é, á jẹ àjẹyó, á sùn. Nígbà tó bá fi máa lajú, àpótí náà á ti tún sún mọ́lé. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti má pè é.

Ìrọ̀lẹ́ tí àlejò dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, télọ̀ wo ṣòkòtò rẹ̀. Wọ́n ti ká ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n rán an pa níbi orúnkún, nítorí kò sí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ó mọ ọwọ́ tó rán an. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ òun kò rán irú rẹ̀ rí. Ó gbójú sókè. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó níbẹ̀, àfi pé ẹyinjú méjèèjì ti fọ́.

Jìnnìjìnnì bò ó. Ó fi iyán sílẹ̀ ní ìdajì, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó rìn títí dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún rìn padà. Ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ké pè é.

“Bàbá Ṣẹ́gilọlá, ó ti sún sẹ́yìn! Bí ẹ ṣe ń rìn lọ ló ń wọ́ àpótí rẹ̀ lọ. Àjẹyó tí ẹ ń jẹ tí ẹ fi ń nà sílẹ̀ yẹn ló ń pè é, kì í ṣe ẹnu yín.”

Láti ọjọ́ náà, ìyàwó dín iyán kù, ó fi ẹ̀fọ́ kún un. Omi ni télọ̀ ń mu, bó bá sì jẹun tán, á dìde rìn. Díẹ̀díẹ̀ ni àlejò wọ́ padà dé abẹ́ igi. Kò kúrò níbẹ̀ o. Lọ́jọ́ ìkómọ kan tí télọ̀ jẹ tó mu bíi ti àtijọ́, ó gbọ́ tí àpótí ń ha ilẹ̀ bọ̀.

Àkànmú, dókítà ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ ti ga ju bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kò tíì di àrùn ìtọ̀ ṣúgà tó máa ń fọ́ni lójú, tó máa ń gba ẹsẹ̀ lára ènìyàn, kò sì tíì kọ oògùn fún ọ. O wá ń yọ̀ káàkiri bí ẹni tí wọ́n dá láre. Ó ń bí mi nínú, nítorí mo fẹ́ràn rẹ. Dín òkèlè kù, máa rìn, kí o sì padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nígbà tí wọ́n dá fún ọ. Bí o bá jókòó ti oúnjẹ nírọ̀lẹ́ òní, kọ́kọ́ wo abẹ́ igi. Ìpè rẹ ló ń dúró dè.