Ìdí tí Àgádágodo Ayélujára fi Kéré, tí Kì í sì í Sọ̀rọ̀ Mọ́

Nígbà láéláé, nígbà tí ọ̀nà ayélujára ṣì jẹ́ ọ̀nà tóóró, àgádágodo tí ẹ ń rí lókè ojú fóònù yẹn kì í ṣe ẹni kékeré. Ó ga tó ilẹ̀kùn. Ẹlẹ́nu sì ni! Ó lè kí èèyàn títí tí onítọ̀hún á fi gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Ẹnu ọ̀nà Sáfà ló ń gbé. Sáfà ni ẹ̀rọ ńlá tó máa ń jókòó sójú kan, tí àwọn fóònù máa ń wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Sáfà tí mò ń sọ yìí mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ ẹni tó lè gbé e dé ọ̀dọ̀ aláìsàn.

Wọn ò kàn fi Àgádágodo síbẹ̀ lásán. Kí ó tó dé, ìhòòhò ni ọ̀rọ̀ ń rìn lójú ọ̀nà. Àwọn olófòófó á ba sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n á gbọ́ àìsàn ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n á gbé e káàkiri. Àgádágodo ló fòpin sí i. Ó ń di ọ̀rọ̀ débi pé kò sí ẹni tó lè tú u àfi ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí.

Ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ kí àlejò ná. “Ta ni ọ́? Ta ló rán ọ? Irú èdè àṣírí wo lo gbọ́?” Òun náà á fi ẹ̀rí hàn pé ilé Sáfà gan-an nìyí. Lẹ́yìn ìyẹn, àlejò àti Sáfà á jọ ṣírò títí wọ́n á fi ní kọ́kọ́rọ́ kan tó jẹ́ tiwọn nìkan. Ìṣirò náà le, ó sì máa ń rẹ Sáfà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ náà wà fún. Tí àlejò bá ti gba ìdáhùn, ilẹ̀kùn á tì. Bó bá yíjú padà, “Ta ni ọ́?” ni yóò tún gbọ́.

Wàyí o, Fóònù kékeré kan wà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Adépéjù ní ilé ìwòsàn abúlé kan. Lọ́jọ́ kan, Morádéyọ̀ bímọ síbẹ̀. Ọmọ ké, ara ọmọ le, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá kò dá.

“Fóònù, sáré!” ni Nọ́ọ̀sì wí. “Bá mi wá ẹ̀jẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ kí obìnrin yìí kú mọ́ mi lọ́wọ́.”

Fóònù sáré. Èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró títí ó fi kàn án. Ó kí, wọ́n ṣírò, ó béèrè bóyá irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fẹ́ wà.

“Ó wà,” ni Sáfà wí. Ilẹ̀kùn tì gbà.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Àgádágodo, ibo ló wà?” ni Fóònù béèrè.

“Ta ni ọ́?” ni Àgádágodo wí.

“Èmi náà ni! Èmi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún!”

“N kò mọ̀ ọ́ rí. Lọ sẹ́yìn èrò, kí o wá kí mi dáadáa.”

Fóònù lọ sẹ́yìn kó tó gbọ́ ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà. Ó tún lọ sẹ́yìn kó tó gbọ́ ẹni tí yóò gbé e wá. Ní gbogbo àsìkò yìí, Sáfà ń ṣírò, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, èrò sì ń pọ̀ sí i.

Nígbà tí Fóònù délé, Nọ́ọ̀sì Adépéjù ti fi aṣọ bo Morádéyọ̀ lójú. Ó gbé ìkókó náà mọ́ra, ó ń sunkún. Ó dùn mí láti sọ ọ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Fóònù padà sọ́dọ̀ Sáfà. Kò tò, kò kí ẹnikẹ́ni.

“Obìnrin tí mo torí rẹ̀ wá ti kú,” ló wí.

Sáfà bú sẹ́kún. “Àgádágodo, ìwọ lo fà á! Kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. Láti òní lọ, ilẹ̀kùn mi á máa wà ní ṣíṣí.”

Àgádágodo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn.

“Ẹ má lé wọn, Ìyá Sáfà,” ni Fóònù wí. “Olóògbé ní àìsàn kan tí kò fẹ́ kí àwọn àna rẹ̀ mọ̀. Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá síbí, kò sì sí olófòófó tó gbọ́ ọ. Kí àṣírí rẹ̀ má tú, ìyẹn nìkan ló kù tí a lè ṣe fún un.”

“Kí wá ni kí n ṣe?” ni Àgádágodo béèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Bàbá, nílé wa, bí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ á dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀, wọ́n á béèrè àlàáfíà ara wọn. Tó bá tún kọjá lọ́sàn-án, ‘Ẹ kú ìjókòó o’ ti tó. Bàbá kì í béèrè pé ọmọ ta ni. Kíkí tẹ́ ẹ kí mi kò burú. Ẹ kí mi tán lẹ gbàgbé mi, òun ló dùn mí.”

Àgádágodo sunkún. Ó bu irin díẹ̀ lára ara rẹ̀, ó fi ṣe àmì tí òun nìkan lè tú, ó sì fún Fóònù.

“Tí o bá mú èyí wá, n kò ní béèrè ẹni tí o jẹ́ mọ́,” ló wí. “Tí o bá sì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, n kò ní ti ilẹ̀kùn títí wàá fi sọ tán. Ṣùgbọ́n àmì náà kò ní pẹ́ kú, torí olè lè rí i he. Tó bá ti kú, kí o tún wá kí mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.”

Gbogbo fóònù tó wà lórí ìlà ló bu irin fún. Ara rẹ̀ ń dínkù, kò sì dáwọ́ dúró.

Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ obìnrin mìíràn tún kọ̀ tí kò dá ní abúlé yẹn. Fóònù sáré dé, ó na àmì rẹ̀ sókè. Àgádágodo kò sọ nǹkan kan. Ó ṣí ilẹ̀kùn, Fóònù béèrè gbogbo ohun tó fẹ́ béèrè, ẹ̀jẹ̀ sì dé bá obìnrin náà láàyè.

Láti ọjọ́ náà ni ojú-ewé tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí lórí ayélujára ti máa ń fà díẹ̀, tí àwọn tó tẹ̀ lé e sì máa ń yára. Láti ọjọ́ náà ni Àgádágodo ti kéré bẹ́ẹ̀ yẹn, tí ẹnu rẹ̀ sì ti pa mọ́. Tí ẹ bá rí i lókè ojú fóònù yín, ẹ má sọ pé agbéraga ni nítorí pé kò kí yín. Ó mọ̀ yín. Ẹni tó dúró lẹ́yìn yín lórí ìlà ló ń sáré fún.