Àyọ̀ká àti Ìṣirò Ẹní Ọba

Ìyá Táníyì ló ń hun ẹní fún ọba ìlú Ìmúlẹ̀dà láyé àtijọ́. Ojúlé rẹ̀ kọjú sí ọjà, àwọn ọmọbìnrin sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Òfin rẹ̀ kan kì í yẹ̀: kí akọ́ṣẹ́ tó fọwọ́ kan ìko tí wọ́n fi ń hun ẹní, yóò káwọ́ sẹ́yìn, yóò fẹnu ṣírò iye ojú ìhun pupa tí ẹní máa gbà. Kì í ṣe ìkà o. Pòròpórò ọkà bàbà ni wọ́n ń sè fi pa ìko láró pupa, bó bá sì tán lójú iṣẹ́, èyí tí wọ́n bá tún sè kì í bá ti àkọ́kọ́ mu láéláé.

Àyọ̀ká ni òfin yìí há lọ́fun. Bó bá ti káwọ́ sẹ́yìn báyìí, ìṣirò á fò lọ lórí rẹ̀.

“Bó o bá ṣi ti ẹní ọba yìí, kẹ́rù ẹ,” ni Ìyá Táníyì wí. “Ọ̀nà kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí ní.” Ẹni tí Ìyá Táníyì bá sì lé, ta ni yóò tún gbà á síṣẹ́? Àyọ̀ká ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.

Ọba fẹ́ iṣẹ́ ọnà tó rí bí òrùlé: ojú pupa kan lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀ rẹ̀, márùn-ún nísàlẹ̀ ìyẹn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ìlà mẹ́wàá. Mélòó ni gbogbo rẹ̀? Àwẹ̀ró, àyànfẹ́ Ìyá, káwọ́ sẹ́yìn, ó ń rò ó pọ̀ lábẹ́ ahọ́n bí ẹni ń kọrin, ó sì sọ ìdáhùn sí Ìyá létí. Ìyá rẹ́rìn-ín.

Ó kan Àyọ̀ká. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ìṣirò tún fò lọ, omi lé ròrò sójú rẹ̀. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, kí n tó máa lọ.”

Àánú ṣe Ìyá. “Ó dáa, ṣe é ká rí i.”

Àyọ̀ká kúnlẹ̀, ó to ẹkùrọ́ sílẹ̀ bí òrùlé ọ̀hún. Kò kà á rárá. Ó fi ti àárín sílẹ̀ mọ́ apá ọ̀tún, ó kó gbogbo apá òsì, ó dorí rẹ̀ kodò, ó tò ó sí àlàfo tó wà lókè apá ọ̀tún. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú bí ọmọrí ìkòkò! Òrùlé ti pòórá. Mẹ́wàá níbùú, mẹ́wàá lóròó ló kù nílẹ̀.

“Ọgọ́rùn-ún ni, Ìyá.”

Orí Ìyá Táníyì wú. Bó ti ń hun ẹní láti kékeré tó, kò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí sá pamọ́ sínú òrùlé. “Yéè! Ohun tí Àwẹ̀ró wí náà nìyí! Ta ló kọ́ ọ?”

“Kò sẹ́ni, Ìyá. Bí mo bá ń fẹnu rò ó, ó ń sá fún mi. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, mo ń rí i.”

Nígbà tó yá, Ìyá rán Àyọ̀ká àti Àwẹ̀ró lọ ra pòròpórò lọ́jà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Àwẹ̀ró gba ẹ̀bá ààfin, Àyọ̀ká gba etí odò. Ìgbà tí yóò tún wò, àwọn méjèèjì ti wà níwájú ọlọ́kà bàbà, wọ́n ń ná ọjà.

“Háà! Èmi tí mo sọ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí ní,” ni Ìyá Táníyì wí, ó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé, ó ní, “Àyọ̀ká ọmọ mi, lọ tú ẹrù ẹ.”

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà.