Ikán Inú Orúnkún

A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Òjéwùmí káfíntà mọ òwe yìí dáadáa, àfi ìgbà tó kan orúnkún òun fúnra rẹ̀.

Orúnkún náà wú. Ó ní ó kàn rọ́ ni, ó sì ń fi òrí pa á títí tí kò fi lè gun àkàsọ̀ mọ́. Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bá wọ́ ọ lọ sí ọsibítù. Wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀, wọ́n sì bu díẹ̀ níbi tó wú lọ yẹ̀ wò.

Dókítà ní, "Ọ̀gá, kókó ló ń jẹ egungun yín nínú. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n egungun á ṣẹ́ bí a bá fi í sílẹ̀. A ó la ibẹ̀, a ó ha á kúrò, a ó sì fi sìmẹ́ńtì egungun dí ihò rẹ̀."

"Ẹ kàn fún mi ní ìpara tó le."

Àṣàkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Mojí, nígbà tí ikán jẹ férémù ilẹ̀kùn àbúrò mi, tó ní kí ẹ kàn kùn ún lọ́dà, kí lẹ wí?"

Òjéwùmí tún wo fọ́tò náà. Ihò dúdú wà nínú egungun rẹ̀, bí ibi tí ikán ti jẹ igi. "Mo ní ọ̀dà kì í pa ikán."

"Òrí wá ń pa á?"

Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. "Dókítà, ẹ ha á dáadáa o. Bó bá ṣẹ́kù díẹ̀, á tún padà wá jẹun."

Dókítà ha á. Lónìí, bí ẹ bá fẹ́ kí Òjéwùmí, ẹ gbójú sókè: orí òrùlé ló wà.