Ìtẹ́ tí Ẹ̀gà Hun fún Àdàbà

"Ààlọ́ o!"
"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ẹ̀gà tó mọ ìtẹ́ hun. Òjò ṣú, Àdàbà sì fẹ́ yé ẹyin. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ hun ìtẹ́ fún mi."

Ẹ̀gà hun ìtẹ́ ọlọ́rùn gígùn. Gbogbo ẹyẹ pàtẹ́wọ́, àmọ́ àyà Àdàbà há sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gà hun òmíràn, ó fi ìyẹ́ pupa ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Àdàbà tún há. Ààrá sán. Ẹ bá mi gbè é:

"Ẹ̀gà, òjò dé!"
"Tẹ̀rẹ̀ná!"
"Ẹyin mi ń bọ̀!"
"Tẹ̀rẹ̀ná!"

Ẹ̀gà wá béèrè pé, "Àbúrò, báwo lo ṣe ń sàba ná?"

Àdàbà jókòó hàn án. Ẹ̀gà hun koríko yí i ká. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Àdàbà yé sí.

Òjò lé Ẹ̀gà wọ ìtẹ́ ọlọ́rùn gígùn. Ó gbà á wẹ́kú.

Ẹ̀yin ọmọ, ta ni Ẹ̀gà ti ń hun ìtẹ́ fún látàárọ̀?