Wáyà Kò Mọ Àna

“Wáyà kò mọ àna.” Ní Ìdí-Ọsàn wa níhìn-ín, tọmọdé tàgbà ló ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ibi tó ti ṣẹ̀ wá, wọn á máa wojú ara wọn. Ẹlòmíì tiẹ̀ ní àwọn baba ńlá wa ló pa á. Baba ńlá ta ni? Baba ńlá tèmi ò fojú kan wáyà títí ó fi kú. Ẹ jókòó, ojú mi ló ṣe.

Dìran, aládùúgbò mi tó ń sin adìyẹ, ló ra ẹ̀rọ kan tó ń sàba lé ẹyin. Ó fẹ́ fẹ́ Ìbídùn, ọmọ Alàgbà Olúgbòdé tó fi ìṣirò kọ́ni fún ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n Alàgbà ò gba ẹ̀rọ náà gbọ́ rárá. Ó ní, “Ọjọ́ tí mo bá fojú ara mi rí òròmọdìyẹ tí kò ní ìyá, ọjọ́ náà ni màá fún ọ lọ́mọ.”

Dìran to ọ̀ọ́dúnrún ẹyin sínú ẹ̀rọ, ó ń ka ọjọ́. Ọjọ́ kọkànlélógún pé, àwọn ẹyin ti ń sán. Iná ìjọba ti lọ láti ìjẹta, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ló ń gbé ẹ̀rọ náà. Làmídì oníná wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì ṣe ìṣirò sára ògiri. Ó ní fólítì ni ipá tó ń ti iná, áńpì ni bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. Bí a bá sọ ọ̀kan di ìlọ́po èkejì, a ó rí wáàtì, ìyẹn agbára tí nǹkan ń jẹ. Igba ó lé ogún fólítì, áńpì méjì: òjìlénírinwó wáàtì. Ẹgbẹ̀rún wáàtì ni jẹnẹrétọ̀ lè gbé. Ó ṣẹ́kù dáadáa.

Àfi bí Alàgbà ṣe dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ká agbádá aṣọ òkè sábẹ́ abíyá, tó mú áyọ́ọ̀nù oníná lọ́wọ́. Ìpàdé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ń dúró dè é lọ́sàn-án.

“Dìran, bá mi fi èyí síná.”

Làmídì yẹ ìdí áyọ́ọ̀nù wò: áńpì mẹ́rin. Ó tún kọ ọ́ sógiri. Fi áńpì mẹ́rin pín igba ó lé ogún fólítì, óòmù márùndínlọ́gọ́ta ni irin inú rẹ̀ fi ń dènà iná. Ti ẹ̀rọ ẹyin jẹ́ àádọ́fà. Èyí tí ìdènà rẹ̀ kéré ló ń mu iná jù. Ẹgbẹ̀rin ó lé ọgọ́rin wáàtì ni áyọ́ọ̀nù nìkan máa jẹ. Ro méjèèjì pọ̀, ó ti kọjá ẹgbẹ̀rún.

Alàgbà gba ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà “ó dáa” sí i. “Ìṣirò rẹ pé.”

“Ẹ ṣé, bàbá. Ṣé ẹ wá rí i pé kò lè gbà á?”

“Mo rí i. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Ṣé kò lè rọ́jú torí àna ni?”

“Ha! Bàbá, wáyà ò mọ àna o!”

Gbogbo wa kọjú sí Dìran. Òun ló ni ẹyin, òun ló ni jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni èèyàn máa fi sọ “rárá” fún ẹni tó ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀? Dìran dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ilẹ̀ ló ti dáhùn: “Ẹ fi síbẹ̀, sà.”

Áyọ́ọ̀nù ò tíì lọ́ wọ́ọ́wọ́ tí jẹnẹrétọ̀ fi kérora, tó yọ èéfín, tó dákẹ́. Òórùn wáyà tó jóná gba gbogbo ilé.

“Mo gbé! Ìbídùn ti lọ!” ni Dìran pariwo. Ẹ gbọ́ o, kò dárúkọ ẹyin.

Làmídì ní ooru ń lọ, ká tètè fi aṣọ tó nípọn bo ẹ̀rọ náà. Agbádá la kàn ń wò. Alàgbà wo agbádá, ó wo Dìran tó ṣì dojú bolẹ̀, ojú sì tì í. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ẹ bo ẹ̀rọ náà, ó jókòó tì í, òun pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ìpàdé bẹ̀rẹ̀, ìpàdé tú, kò kúrò níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ la gbọ́ “pín-ín, pín-ín.” A ṣí ẹ̀rọ náà, díẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ti pa. Ọ̀kan já bọ́ síta, ó sì kó wọ apá agbádá. Ọkàn Dìran balẹ̀, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ ti fojú yín rí òròmọdìyẹ tí kò ní ìyá.”

“Tí kò ní ìyá kẹ̀? Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ta ló sàba lé e?” Alàgbà bú sẹ́rìn-ín. “Èmi ni ìyá ẹ̀! Dìde, ọmọ mi, lọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó wá.”

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ẹnì kan bá mọ òótọ́ ọ̀rọ̀, tó sì fẹ́ kí ó yẹ̀ nítorí ipò tàbí ẹbí, àwọn àgbà Ìdí-Ọsàn a ní: “Wáyà kò mọ àna.” Alàgbà alára ló sì ń pa á jù. Agbádá yẹn ló wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, pẹ̀lú ìgbẹ́ òròmọdìyẹ lápá. Kò lọ̀ ọ́.